Kí Òjò Tó Fọ Ògiri

Ní Èbúté-Mẹ́ta, ògiri ní í kọ́kọ́ túfọ̀.
Kí aago ṣọ́ọ̀ṣì tó dún, kí lèmọ́mù tó gbóhùn,
àwọn ọmọ tó ń ru korobá sítáàṣì ti kọjá lóru,
bébà ti gbẹ mọ́ ara òpó iná:
Ó sùn nínú Olúwa. Ó relé. Ó dìgbà ó ṣe.
Fọ́tò kan, fìlà kan,
ẹ̀rín tí wọ́n gé kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó ẹlòmíràn.

Bàbá mi, akọ̀wé réluwéè tó ti fẹ̀yìntì,
kì í ka ìwé ìròyìn kó tó ka ògiri.
Aago mẹ́fà, ó ti mú ọ̀pá, ó ti ki bírò sápò,
láti Òpópónà Jẹ́bbà títí dé Òyìngbò
á máa dúró, á máa ka òkú
bí ìgbà tó ń ka ẹrù lójú irin.

Ó ní bébà ń purọ́. Kì í ṣe irọ́ burúkú,
irọ́ ẹni tó ń kánjú ni, tí owó ìtẹ̀wé ò tó.
“Ó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé lọ.
Ó dáa. Kí ló fẹ́ràn? Ta ló jẹ lówó?”
Ohun tí bébà bá gbàgbé,
á kọ ọ́ sínú ìwé kan tó ní èèpo búlúù.

Ọjọ́ kejì tí a sin ín, mo ṣí ìwé náà.

“Moríámọ̀ Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Òun ló rán aṣọ ilé ìwé gbogbo ọmọ òpópónà yìí;
ẹni tí kò bá lówó, á ní kó lọ mú òwú wá.”

“Jósáyà Ṣówándé, dérẹ́bà ọkọ̀ ojú irin.
Bó bá ń kọjá ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀, á fọn fèrè kúkúrú méjì,
kí ìyàwó rẹ̀ lè gbé omi ẹ̀bà kaná.”

“Lámídì Oníwáyà. Ó jẹ mí ní sílè mẹ́ta
láti ọdún tí odò wọlé. Mo dárí jì í.
Ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbọ́.”
Ọmọ rẹ̀ ló di ìdí pósí Bàbá mú lánàá. N kò sọ fún un.

Ojú ewé tó kẹ́yìn kò ní bébà kankan.
“Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀. Ẹnikẹ́ni ò lẹ nǹkan fún un.
Ọdún méjìlélógún ni mo fi kí i, n kò bi í ní orúkọ.
Gáàdì ló ní Ẹfúnyẹlá. Kò dá a lójú. Ẹ bá mi wádìí.”

Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún.
Mo bi olómi, mo bi alápatà,
mo dé itẹ́ òkú Àtàn, níbi tí ọkùnrin kan ti fẹ́ eruku lórí ìwé,
tó fi ìka tẹ̀lé ìlà, tó dúró:
Ẹfúnyẹmí. Ará Ẹ̀pẹ́. Àádọ́rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Mo se sítáàṣì. Mo fọwọ́ kọ ọ́, gàdàgbà-gàdàgbà.
N kò ní fọ́tò; mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo.
Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi lẹ̀ ẹ́
sí ògiri tí Bàbá máa ń kọ́kọ́ kà.

Gáàdì àtijọ́ ló dé lákọ̀ọ́kọ́. Ó kà á, ó tún un kà.
“Ẹfúnyẹmí! Ẹfúnyẹlá ni mò ń pè é ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀,
kò sì bá mi tún un ṣe rí. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.
Orí rẹ̀ ni gbogbo aago ọkọ̀ wà, o gbọ́?
Bàbá rẹ pàápàá, bó bá rú u lójú, òun ló ń bi.”

Òjò ti ń ṣú bọ̀ lápá Ìdó.
Mo ṣí ìwé lé orúnkún, mo yọ bírò,
mo ní kó tún un sọ, díẹ̀díẹ̀.